Kí Ló Lé Málọmọ́ Lọ?

Orúkọ bàbá mi ni Dúrójayé. Bí ẹ bá dé agboolé wa ní Kúdẹtì, tí ẹ béèrè ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà mi ò ní dáhùn. Ìka mẹ́ta ni wọ́n máa nà sókè. Ọmọ mẹ́ta ló ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó bí bàbá mi ní 1966. Àkọ́kọ́ jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, èkejì jẹ́ Málọmọ́, ẹ̀kẹta jẹ́ Káṣìmáawò. Àbí ẹ ò rí i pé bí ọmọ ṣe ń kú ni orúkọ ń bẹ̀bẹ̀ sí i?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Àwa tí à ń kọ́ Yorùbá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àbíkú. J. P. Clark kọ ewì lé e lórí, Wọlé Ṣóyínká kọ tirẹ̀, èmi náà ti kọ tèmi. Ṣùgbọ́n orúkọ àbíkú kì í ṣe ewì nìkan. Ìwé àkọsílẹ̀ ikú ni, nígbà tí ìjọba ò tíì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá tí wọ́n bí ní 1937 ń jẹ́ Káṣìmáawò, torí pé òun ni ọmọ kẹtàlélógún tí bàbá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó yè. Lónìí, nínú kíláàsì mi, kò sí Káṣìmáawò kan, kò sí Málọmọ́ kan. Kí ló lé wọn lọ?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Kúdẹtì níbí. Ní 1851 ni David Hinderer, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., dé Ìbàdàn. Ní 1853, òun àti ìyàwó rẹ̀, Anna, wá fìdí kalẹ̀ sí Kúdẹtì. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Anna lọ́wọ́ kó kọ́ wọn ní ìwé. Ní 1899, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Kúdẹtì, òun ló para pọ̀ mọ́ ti Èkó ní 1950 tó di St. Anne's, Mọ̀lété. Kí ló kan ikú ọmọ ọwọ́ níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Caldwell lo ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn ní 1973, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1979 pé ọmọ tí ìyá rẹ̀ kàwé kì í sábà kú bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò kàwé, kódà bí iṣẹ́ bàbá wọn bá jọra. Ìyá àgbà mi ò kàwé. Wọn ò rẹ́ni rán wọn níléèwé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Láyé òyìnbó amúnisìn, ọ̀tọ̀ ni ilé-ìwòsàn òyìnbó, ọ̀tọ̀ ni ti aláwọ̀ dúdú. Ní Ìbàdàn, Jericho ni tiwọn, Adéọ̀yọ́ ni tiwa. Ó di 1947, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní Èkó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ariwo sì ta, kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin. Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí ò ní ẹsẹ̀, kò lè rìn wá sí Kúdẹtì wá bá ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ya ìgbẹ́ gbuuru lóru.

Ẹni tó mú ilé-ìwòsàn rìn ni mo fẹ́ sọ. Ní 1956, dókítà kan tó ń jẹ́ David Morley dé Wesley Guild, Iléṣà. Ó rí i pé ní àwọn abúlé àyíká, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ọmọ tí kì í pé ọdún márùn-ún. Ibà, èèyi, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti àìjẹun-re-kánú ló ń pa wọ́n. Kò jókòó sí Iléṣà. Ó dá kíríníìkì ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó fi àwọn nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Wọ́n ń wọn ọmọ lórí síkéèlì, wọ́n ń fi àmì sí káàdì, káàdì náà sì ń bá ìyá lọ sílé. Bí ìlà inú káàdì bá ti ń wálẹ̀, ìyá àti nọ́ọ̀sì ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀, ọmọ ò tíì dá kú. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé Òkè-Mẹ̀sí tó múlé gbè é. Yorùbá kan náà, iṣẹ́ oko kan náà, iyán kan náà. Ọmọ ń kú ní Ìmẹ̀sí náà, àmọ́ kò tó ti Òkè-Mẹ̀sí rárá.

Nítorí náà, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ikú wà. Ní Amẹ́ríkà ní 1922 kọ́ o, ní 2022 tó kọjá yìí, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí, bí 10.9 ló kú kó tó pé ọdún kan. Ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ 4.5. Ṣé àbíkú wọkọ̀ òkun tẹ̀lé wọn ni? Rárá. Látọdún 1991 ni ètò kan níbẹ̀, Healthy Start, ti ń gba àwọn ará àdúgbò láti máa yọjú sí aláboyún nílé. Nílé tiwa náà, ìwádìí 2018 sọ pé nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, 187 ni kì í pé ọdún márùn-ún. Ní ìhà tiwa, 62. Dúdú làwa méjèèjì. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ló ń pa ọmọ, iye wa ìbá dọ́gba.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ọ̀nà tó jọ ti Ìmẹ̀sí yìí ló tọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè títí di 1992: àjẹsára, sẹ́ńtà ìlera tó sún mọ́ ilé, àti omi oníyọ̀ òun ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà mi gbọ́ nípa omi náà. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún mi: "Wọ́n ní kí n má fún Málọmọ́ lómi mu, kí inú rẹ̀ lè dì. Ó ń wo ife lọ́wọ́ mi. Mi ò fún un." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ ọ́ ni n kò ti lè ka ewì àbíkú tèmi sókè mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún báyìí. Ó ní òun ò lọ fún ìtọ́jú aláboyún mọ́, torí nọ́ọ̀sì kan níbì kan tí n kò ní dárúkọ bú u níṣojú gbogbo èrò. Ẹ ò rí nǹkan? Sẹ́ńtà sún mọ́lé, ẹnu ló lé e jìnnà. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Àwọn nọ́ọ̀sì Ìmẹ̀sí ò lè ṣe é bí àwọn ìyá ò bá padà wá.

Ìyá àgbà ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ní, "Wá, Àdùkẹ́, èmi ni mo máa tẹ̀lé ẹ lọ. Ẹni tó bá máa bú ẹ, kó kọ́kọ́ bú mi." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n jọ lọ, èmi ni mo gbé báàgì. Wọ́n wọn ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ sí káàdì. Ìyá àgbà gba káàdì náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú méjèèjì bí ẹni ń kàwé, wọ́n sì ká a mọ́ etí ìró wọn.