Aago Inú Ẹyinjú

Lọ́dún 1959, ní Kánádà, wọ́n dájọ́ ikú fún ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steven Truscott. Wọ́n ní kí wọ́n lọ so ó rọ̀. Ọmọ ọdún 14 ni.

Wọ́n ní òun ló pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 12 kan tí wọ́n jọ wà nílé ìwé kan náà. Orí aago ni gbogbo ẹjọ́ ọ̀hún dá lé. Àwọn èèyàn rí i tó fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ náà nírọ̀lẹ́, àmọ́ ní nǹkan bí aago 8, ó ti padà síbi tí ojú ti tó o. Dókítà wo oúnjẹ tó kù nínú ikùn òkú, ó ní láàárín aago 7:15 sí 7:45 ló kú. Ìṣẹ́jú 30 péré, látinú oúnjẹ! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ pé iyán kì í dà bákan náà nínú ẹni méjì, ká má tíì sọ ẹni tí ẹ̀rù bà. Wọ́n yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére, wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́dún 1969. Ọdún 2007 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ Ontario tó wọ́gi lé ìdájọ́ náà. Ó ti di ẹni ọdún 62.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn tí àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà fi ń wá aago mìíràn lára òkú. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣe é gbára lé, torí kì í pẹ́ bàjẹ́. Inú ẹyinjú ni wọ́n lọ. Omi kan wà níbẹ̀ tó ki bíi funfun ẹyin, tó fara pamọ́, tí ìbàjẹ́ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fà á, wọ́n á wọn pọtáṣíọ̀mù inú rẹ̀. Nígbà tí a wà láàyè, sẹ́ẹ̀lì ara máa ń lo agbára láti kó pọtáṣíọ̀mù pamọ́ sínú. Bí ẹ̀mí bá bọ́, agbára tán, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í jò: pọtáṣíọ̀mù á máa jáde díẹ̀díẹ̀ bọ́ sínú omi yẹn. Bó ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ mọ̀ pé wákàtí ń lọ.

Lọ́dún 1964, Sturner àti Gantner ní ká fi 7.14 sọ iye pọtáṣíọ̀mù di púpọ̀, ká yọ 39.1, wákàtí tó ti kú nìyẹn. Lọ́dún 1989, Madea àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ní rárá, 5.26 ni, ká yọ 30.9. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Bí pọtáṣíọ̀mù bá jẹ́ 10, ti àkọ́kọ́ á ní wákàtí 32.3, ti Jámánì á ní 21.7. Ojú kan náà o! Láàárín wákàtí tó fi yàtọ̀ yẹn, èèyàn á ti lọ láti Èkó dé Ìbàdàn, á ti pa dà, á tún ti sùn.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Níbi tó gbóná, pọtáṣíọ̀mù máa ń yára jáde. Òkú tó wà nínú yàrá onípáànù l'Abẹ́òkúta lóṣù kẹta, bí ẹni tó ń ṣírò ò bá béèrè bí yàrá ṣe gbóná tó, á sọ pé ó ti kú tipẹ́ ju bó ṣe rí lọ. Ẹni tó wá kí i lálẹ́ àná ni wọ́n á wá mú. Ẹni tó débẹ̀ láàárọ̀ yìí á ti lọ.