Kẹ̀kẹ́ Àwọn Ọmọ Ogun Dúdú ní Ilẹ̀ Odò àti Adágún Montana

Missoula ni orúkọ ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Montana, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn òkè ni ó sì yí i ká níhà gbogbo. Odò Clark Fork ni ó la àárín rẹ̀ kọjá. Blackfoot ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn, Bitterroot ń bọ̀ láti gúúsù, àwọn méjèèjì sì ń dà sínú rẹ̀ nítòsí ìlú. Ẹni tí ó bá kọrí sí àríwá yóò máa kan adágún kan tẹ̀lé òmíràn, Placid, Seeley, Holland, bí ó bá sì yà sí apá òsì òkè Mission, yóò dé etí Flathead, adágún baba adágún, tí àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀yà Salish àti Kootenai, ti ń pẹja nínú rẹ̀ kí òyìnbó tó mọ̀ pé ó wà.

Bí ìgbà ẹ̀rùn bá dé lónìí, àwọn olùgun kẹ̀kẹ́ a máa wọ́ tìrítìrí lọ sí agbègbè náà, kì í sì í ṣe ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fẹ́, èyí tí àwọn agégẹdú àti àwọn olùṣọ́ igbó ìjọba là sínú igbó ahéré-ò-sí, tí ó ń gun òkè, tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí omi, tí eruku rẹ̀ ń bo ènìyàn dé ìpéǹpéjú. Ẹgbẹ́ kan tí ìjókòó rẹ̀ wà ní Missoula gan-an ni ó to irú àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àwọn ọdún 1990, tí ó fi ya àwòrán ọ̀nà gígùn kan tí ó tọ ẹ̀yìn àwọn òkè lọ láti ẹnu ààlà Kánádà títí dé ẹnu ààlà Mẹ́síkò. Bí a bá fetí sí ìtàkùrọ̀sọ àwọn olùgun kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, nípa táyà wọn tí ó nípọn, nípa àpò tí wọ́n so mọ́ àárín irin kẹ̀kẹ́, a óò rò pé àná ni a ta ọgbọ́n náà. Bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọkùnrin adúláwọ̀ ti kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, tí wọ́n ru ìbọn lẹ́yìn, tí kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè bóyá ìrìn àjò náà wù wọ́n.

Ní bárékè tí ó wà lẹ́yìn ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Fort Missoula, ni Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti wà láti 1888. Adúláwọ̀ ni àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, òyìnbó ni àwọn tí ń pàṣẹ fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ìgbà náà. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun náà ni òbí wọn sì ti jẹ ìyà oko ẹrú. Ọ̀dọ́ ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ James A. Moss, ọmọ Louisiana, ẹni tí ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun ní West Point ní 1894 ní ipò ìkẹyìn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ibi tí ojú kì í ti í tètè rí ni. Àkókò náà ni kẹ̀kẹ́ di àrágbáyamúyamù ní Amẹ́ríkà, nítorí táyà rọ́bà tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, tí Dunlop gbé jáde ní 1888, ti mú kí gígùn rẹ̀ rọ ara lọ́rùn. Moss wá rò ó pé kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò ẹṣin lójú ogun: kẹ̀kẹ́ ológeere, ẹṣin irin tí kì í jẹ koríko, tí kì í mu omi, tí kì í yán kí ọ̀tá gbọ́. Ọ̀gágun Nelson Miles, olórí gbogbo ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ Spalding sì yá wọn ní kẹ̀kẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1896 ni Moss àti ọmọ ogun 8 mú ọ̀nà àríwá pọ̀n, wọ́n dorí kọ adágún McDonald ní ẹsẹ̀ òkè Mission. (Adágún méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí ní Montana, kì í ṣe èyí tí ó lókìkí nínú igbó Glacier ni mo ń wí.) Òjò pa wọ́n, ọ̀nà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹrẹ̀ lẹ̀ mọ́ táyà títí àgbá kẹ̀kẹ́ kò fi lè yí mọ́, àfi kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fi igi ha á, kí wọ́n tún gùn ún, kí wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé odò tí kò ní afárá, wọ́n fi ọ̀pá gígùn kọ́ kẹ̀kẹ́, ọmọ ogun méjì gbé e lé èjìká níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n sì wọ́dò lọ bí omi tútù ti ń gbá wọn nítan. Ọjọ́ 4 ni wọ́n fi rin ìrìn 126 máìlì ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ má gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, láìdi ẹrù, tó ìwọ̀n pọ́n-ùn 32, tí a bá sì di aṣọ ìbora àti àgọ́ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí a fi àpótí awọ líle sáàárín irin rẹ̀, ó ń súnmọ́ 60. Àpótí awọ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí òun gan-an ni àpò tí àwọn olùgun kẹ̀kẹ́ òde òní ń fi owó ńlá rà bí ohun tuntun. Ẹni tí ń bá wọn tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe ni John Findley, ọmọ ogun kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ní Chicago kí ó tó wọṣẹ́ ológun.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí wọ́n tún ṣí, lọ́tẹ̀ yìí lọ sí Yellowstone, ilẹ̀ tí omi gbígbóná ti ń ru jáde láti inú àpáta, ìrìn bí 800 máìlì ní àlọ àti àbọ̀. Àwòrán kan kù sílẹ̀ láti ibẹ̀ tí n kò lè wò kí n má dúró: àwọn ọmọ ogun dúdú tò sórí àpáta funfun tí wọ́n ń pè ní Minerva, olúkúlùkù pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìdúró wọn gún régé, ojú wọn kò sì sọ ohunkóhun. Àwọn fúnra wọn kò fi ìwé sílẹ̀ tí ó dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kálàmù Moss àti ti akọ̀ròyìn òyìnbó kan ni ó ro ẹjọ́ wọn fún wa, ó sì yẹ kí ẹni tí ń ka ìtàn náà fi èyí sọ́kàn.

Iṣẹ́ ńlá wá kù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1897, ọmọ ogun 20, Moss, dókítà kan, àti akọ̀ròyìn Edward Boos, gbéra ní Fort Missoula, wọ́n ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni àwọn ń lọ, ìrìn 1,900 máìlì. Yìnyín bá wọn lórí òkè tí ó pín omi Amẹ́ríkà sí méjì. Wọ́n kọjá ibi tí odò mẹ́ta ti pàdé di odò Missouri. Wọ́n kọjá pápá Little Bighorn, níbi tí àwọn jagunjagun Lakota àti Cheyenne ti pa Custer, ọ̀gá ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní 1876. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń gbé oúnjẹ ṣíwájú dè wọ́n, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ẹ̀wà, àti kọfí. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ oníyanrìn Nebraska, kẹ̀kẹ́ kọ̀ ó lóun kò yí, oòrùn ń ta, omi tí wọ́n rí mu sì ń dá inú rú. Ojú irin rélùwéè ni wọ́n gùn lé, lórí pákó ibẹ̀ tí ń gbọn ènìyàn bí atẹ́ ìkù, títí wọ́n fi bọ́. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún: bí wọ́n ti ń lọ nìyẹn. Mingo Sanders ni sájẹ́ǹtì tí ń kó wọn lẹ́yìn, ọmọ South Carolina, àgbà wọn ní ẹni ọdún 39, ẹni tí ojú rẹ̀ kan kò ríran dáadáa.

Ní ọjọ́ 24 oṣù keje, lẹ́yìn ọjọ́ 41, wọ́n wọ St. Louis, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ olùgun kẹ̀kẹ́ ìlú náà sì jáde wá pàdé wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ya ni lẹ́nu, nítorí ní 1894 ni ẹgbẹ́ àwọn olùgun kẹ̀kẹ́ Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ní ìlú Louisville pé adúláwọ̀ kò gbọdọ̀ bá àwọn ṣe. Ẹgbẹ́ kan náà ni ó ń pariwo kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe. Wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀nà tí ó tẹ́jú, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó fi àyà gun èyí tí ó burú jù lọ. Ní tèmi, n kò rí ohun tí ó lè sọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ di ẹni àpọ́nlé nínú ìtàn ọ̀nà. Ọdún 1999 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó gbé àwọn ọmọ ogun padà sí Missoula. Moss tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gun kẹ̀kẹ́ lọ sí San Francisco, àwọn aláṣẹ kọ̀. Ogun Amẹ́ríkà àti Sípéènì bẹ́ sílẹ̀ ní 1898, wọ́n kó Ẹgbẹ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ sí Kúbà, níbi tí wọ́n ti jà ní El Caney, kẹ̀kẹ́ sì di ohun ìgbàgbé.

Ìpín Sanders ni ó dùn mí jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1906, ìbọn dún lóru ní Brownsville, ní Texas, níbi tí díẹ̀ nínú Ẹgbẹ́ Kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wà. Òyìnbó kan kú, àwọn ará ìlú sì ní àwọn ọmọ ogun ni. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé, ṣùgbọ́n Ààrẹ Theodore Roosevelt kò wá ìka náà. Ọmọ ogun 167 ni ó lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ní kóòtù, láìní owó ìfẹ̀yìntì. Sanders wà lára wọn, lẹ́yìn ọdún 25 ó lé nínú iṣẹ́ ogun, nígbà tí ìfẹ̀yìntì kò ju kí ó na ọwọ́ gbà á lọ. Ó lọ sí Washington, ó jẹ́rìí níwájú Sẹ́nétì, wọn kò gbà á padà. Ó kú ní 1929, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun ní Arlington. Ní 1972 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ náà padà, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé pẹ̀lú ọlá ni gbogbo wọn fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.