Àlejò Lórí Ilẹ̀ Ifẹ̀: Iṣẹ́ Oko, Ìṣákọ́lẹ̀ àti Ẹ̀tọ́

Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àìmọye ará Ọ̀yọ́ sá wọ inú igbó lápá gúúsù. Ilé-Ifẹ̀ gba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Agbo ilé àwọn ìjòyè àti àwọn ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ sí. Ẹni tó sá dé láìní ọkọ́, láìní àdá, kò lè dúró dúnàádúrà. Oko olóko ni wọ́n ń ro, ẹrù ẹlẹ́rù ni wọ́n ń rù, oúnjẹ àti ibùsùn sì ni owó iṣẹ́ wọn.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé bí ẹrú ni wọ́n ṣe lo àwọn àlejò wọ̀nyí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson, nítorí náà ó yẹ ká fi ti Ifẹ̀ náà sórí ìwọ̀n: nígbà tí ogun ń lé wọn kiri, ilẹ̀ Ifẹ̀ ló fún wọn níbi ìsádi. Òótọ́ ni méjèèjì. Àánú tó gba ènìyàn sílé kò fún onílé láṣẹ láti sọ ọ́ di ẹrú.

Ọọ̀ni Abewéilá rí èyí. Láti ààfin Ẹnuwá ló ti pàṣẹ, ní nǹkan bí 1845, pé kí àwọn àlejò kúrò nínú agbo ilé, kí wọ́n tẹ̀dó sẹ́yìn odi ìlú. Ibẹ̀ ni Mọdákẹ́kẹ́, pẹ̀lú olórí tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ògúnṣùà. Mo ka ìpinnu yìí sí ìwà òdodo, àmọ́ ó dun àwọn ìjòyè tí òṣìṣẹ́ ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1849, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́. Àwọn ará Ifẹ̀ sá lọ sí Ìṣọyà, wọn kò sì padà wálé títí di 1854. Ìjà tún ṣẹlẹ̀ ní 1882. Àdéhùn àlàáfíà 1886 ní kí Mọdákẹ́kẹ́ ṣí kúrò, àmọ́ ọdún 1909 ni wọ́n tó tú ìlú náà ká, tí ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Òde-Òmu. Lábẹ́ Ọọ̀ni Adémilúyì ni wọ́n padà, ní nǹkan bí 1922.

Kòkó ti gbòde nígbà náà, kòkó sì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìṣákọ́lẹ̀ ayé àtijọ́ kò ju iṣu díẹ̀, epo tàbí ẹran ìgbẹ́ lọ, láti fi hàn pé àlejò mọ onílẹ̀. Ẹni tó gbin iṣu lè wà á tán láàárín ọdún kan, kó sì kó lọ. Kòkó ń gbà tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún kó tó so, ó sì lè máa so fún ọgbọ̀n ọdún. Àlejò ló ṣán igbó, òun ló gbin igi, òun ló là á, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, tó sì sá a sórí ẹní. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wọn ìṣákọ́lẹ̀ onílẹ̀ sọ́tọ̀ nínú kòkó náà. Onílẹ̀ ní ogún bàbá òun kì í ṣe títà. Àlejò ní òógùn òun ló sọ igbó di owó. Ní àwọn ọdún 1940, àríyànjiyàn náà dé kóòtù. Òfin ilẹ̀ ti 1978 tún dá kún un, nítorí àwọn ayálẹ̀ ka ilẹ̀ sí ti ìjọba láti ìgbà náà, àwọn onílẹ̀ kò sì gbà. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní 1981, ní 1983, àti láàárín 1997 sí 2000.

Lónìí, àwọn àlejò mìíràn ló ń ro oko olóko: àwọn ọ̀dọ́ láti orílẹ̀-èdè Benin, láti ilẹ̀ Àgatú àti ti Ẹbìrà wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àgbàṣe nínú oko kòkó ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń bá wọn ṣàdéhùn. Kí olóko tó fi àdá lé wọn lọ́wọ́, kó sọ iye owó wọn, ọjọ́ tí yóò san án, ibi tí wọn yóò sùn, àti ohun tó jẹ́ tiwọn nínú ohun tí wọ́n bá gbìn. Kó sọ ọ́ níṣojú ẹlẹ́rìí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.