Ìtàn Bàtìrì Ọkọ̀ àti Wàhálà Iná Inú Ọkọ̀ Tuntun

Ìtàn bàtìrì ọkọ̀ fọ́n káàkiri. Díẹ̀ wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, èyí tó kù sì wà lẹ́nu àwọn rẹ́wáyà. Ohun tí ọ̀kan sọ kì í sábà bá ti èkejì mu. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi kó wọn jọ, kí àwọn tó ń bá iná ọkọ̀ tuntun jìjàkadì lè mọ ibi tí wàhálà náà ti ṣẹ̀.

Gaston Planté, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣe bàtìrì olójé tó ṣeé gbàná sí léraléra, ní 1859. Ní 1881, Camille Faure, ọmọ ilẹ̀ rẹ̀, wá ọ̀nà láti po ohun tí wọ́n ń fi ra ojú òjé náà, bàtìrì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iná púpọ̀ sí i. Òjé àti ásíìdì yìí kan náà ló ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lónìí: yàrá mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi 2.1 fólítì wá.

Nígbà tí mọ́tò kọ́kọ́ dé, bàtìrì kọ́ ló ń ṣíná rẹ̀. Ọ̀pá irin ni wọ́n ń kì bọ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà lè dá ènìyàn lápá. Charles Kettering, ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà, ló fòpin sí i. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní National Cash Register, níbi tó ti ṣe mọ́tọ̀ kékeré tó ń bá wọn ṣí ẹ̀rọ ìkówósí. Àwọn mìíràn rò pé mọ́tọ̀ tó máa yí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tóbi gan-an. Kettering rí i pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni iṣẹ́ náà, nítorí náà mọ́tọ̀ kékeré lè fara dà á bí ó tilẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Cadillac ti ọdún 1912 ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ẹ̀rọ kan náà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, tó tún ń gbàná padà sí bàtìrì. Ford Model T kò rí irú rẹ̀ lò títí di 1919.

Kí ló mú kí Henry Leland, ọ̀gá Cadillac, gbé iṣẹ́ náà fún Kettering? Ibí ni àwọn ìwé ti ń takora. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni pé Byron Carter, ọ̀rẹ́ Leland tó ń ṣe ọkọ̀ Cartercar, dúró ní Belle Isle ní Detroit láti ran obìnrin kan lọ́wọ́ tí Cadillac rẹ̀ kú. Irin ta padà, ó fọ́ ọ lágbọ̀n, ó sì ti ibẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé fi í sí 1910. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé Carter ti kú ní oṣù Kẹrin 1908, òtútù àyà ni wọ́n sì sọ pé ó pa á. Ó ṣeé ṣe kí irin náà ṣe é léṣe, kí òtútù àyà sì wọlé tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọdún 1911 ni Kettering tó jíṣẹ́ fún Leland, ó sì ṣòro láti gbà pé ikú tó ti lé ní ọdún méjì nìkan ló fa gbogbo rẹ̀, nígbà tí irin ń ṣe ènìyàn léṣe lójoojúmọ́. Àwọn tó ní Clyde Coleman ló ni iṣẹ́ náà, torí ìwé àṣẹ ẹ̀rọ ìṣíná tó gbà ní 1903, kò yẹ kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni dúró: ti Kettering ló dé ojú títì.

Láti ìgbà náà di 1950, fólítì mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, inú igi tàbí rọ́bà líle sì ni bàtìrì ń gbé. Ìgbà yẹn ni ìgbàgbọ́ pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì ń fa iná bàtìrì ti wá. Kò kan bàtìrì oníke òde òní rárá.

Láàárín ọdún 1950 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sí 12 fólítì. Chrysler fi ọ́tánétọ̀ sínú Valiant ọdún 1960, dáínámò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Dáínámò kì í gbàná dáadáa bí ọkọ̀ bá wà lójú kan. Ọ́tánétọ̀ ń gbà á kódà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àṣà ayé dáínámò kan kò tíì kú o: kí wọ́n yọ orí bàtìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, láti mọ̀ bóyá ọkọ̀ ń gbàná. Nínú ọkọ̀ ọlọ́tánétọ̀, iná lè fò kọjá 80 fólítì lójijì, kí ó sì jó bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kí ẹni tó bá rí rẹ́wáyà tó fẹ́ ṣe é tètè dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ìyípadà tó bí wàhálà òde òní ṣẹlẹ̀ ní Jámánì. Bosch bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ètò kan tó ń jẹ́ CAN ní 1983, wọ́n fi í han ayé ní Detroit ní 1986, Mercedes-Benz S-Class sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lò ó. Nínú ètò yìí, wáyà méjì péré ni àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, dípò ìdì wáyà ńlá. Látìgbà náà, yíyọ kọ́kọ́rọ́ kò túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ti sùn. Àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣì lè la ojú fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wo bí rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ ṣe ń wá iná tó ń jò nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fi mítà sí ìdí bàtìrì, á fi sùkúrúdíráfà ti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kí ọkọ̀ lè rò pé ilẹ̀kùn ti pa, á wá mú sùúrù. Bí ọkọ̀ bá ti sùn tán, ohun tó ń lọ kò yẹ kó ju 0.05 áḿpù lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní máa yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé dídá a padà lè jí ọkọ̀. Orí fíúsì gan-an ni yóò ti fi mítà wọn ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ orin tàbí tírákà tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn náà ló jẹ̀bi, kì í ṣe bàtìrì.

Ọkọ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ níbi iná ojú títì tún dá tirẹ̀ sílẹ̀. Bàtìrì àkànṣe tí wọ́n ń pè ní AGM tàbí EFB ló ń lò. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ irú èyí ni wọ́n ń fi bàtìrì lásán sí, kò sì ní pẹ́ kú. Nínú àwọn kan, bíi BMW, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ fún ọkọ̀ pé bàtìrì tuntun ti dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gbàná fún un bí arúgbó. Ooru sì ń jẹ bàtìrì ju òtútù lọ. Òtútù kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ tó ń fi iná mànàmáná rìn kò bọ́ níbẹ̀. Bàtìrì ńlá rẹ̀ lè kún dẹ́nu, ṣùgbọ́n bí bàtìrì kékeré oní-12 fólítì tó tún wà nínú rẹ̀ bá kú, kò ní jí. Ní 2024, Hyundai pe ọkọ̀ tó lé ní 140,000 padà ní Amẹ́ríkà, Ioniq 5 àti 6 pẹ̀lú ti Genesis, torí pé ẹ̀rọ tó ń gbàná fún bàtìrì kékeré lè bàjẹ́, kí ọkọ̀ sì pàdánù agbára lórí ìrìn. Ní ti 12 fólítì fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọdún 2000, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbèrò láti kúrò níbẹ̀ lọ sí 42 fólítì, owó rẹ̀ ló lé wọn padà. Cybertruck tí Tesla bẹ̀rẹ̀ sí í kó fún oníbàárà ní ìparí 2023 ti wà ní 48 fólítì.