Ta Ni Ó Jẹ̀bi Iṣẹ́ Tí Kò Dára? Ìtàn Ìmójútó Ojúlówó Iṣẹ́ àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́

Ìfáárà

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín lọ sí ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi. Aláró ni. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró ti dé ojú òṣùwọ̀n, kì í dúró di ìgbà tí aṣọ bá gbẹ lórí okùn. Yóò ti ìka bọ inú ìkòkò, yóò fi kan ahọ́n, yóò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, aṣọ kankan kò ní wọ inú ìkòkò náà lọ́jọ́ yẹn. Ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà yóò tọ́ ọ wò, ìyá yóò sì bi í pé, 'Kí ni o rí?'

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ méjì ni ìyá náà ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ṣọ́ iṣẹ́ láti orísun rẹ̀, ó sì ń kọ́ ẹni tí yóò ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn bí ayé òde òní ṣe ya iṣẹ́ méjèèjì nípá, àti bí wọ́n ṣe tún so wọ́n pọ̀, ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé àgbáyé dẹnu kọlẹ̀, àdìrẹ Abẹ́òkúta kò tà mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní àwọn aláró ni ó ba iṣẹ́ wọn jẹ́, pé sódà òyìnbó àti aró òyìnbó tí wọ́n ń lò ni ó fà á. Ìjọba Aláké Adémọ́lá Kejì fi òfin de nǹkan méjèèjì. Ní 1936 àwọn obìnrin aláró tako òfin náà, wọ́n gba lọ́yà, a sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀. N kò wá síhìn-ín láti tún ẹjọ́ náà dá. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó kàn mí: bí iṣẹ́ kò bá dára, ta ni ó jẹ̀bi? Ṣé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe é ni, àbí ètò tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́? Ìdáhùn tí a bá fún ìbéèrè yìí ni yóò sọ bóyá a ó kọ́ òṣìṣẹ́, tàbí a ó lé e.

Òkúta inú ìrẹsì

Nítòsí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà nígbà kan rí tí à ń pè ní Hawthorne. Western Electric ni ó ni ín, ẹ̀rọ tẹlifóònù ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1920, ọ̀nà kan ṣoṣo tí irú àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ láti fi dáàbò bo ojúlówó ni kí àwọn olùyẹ̀wò dúró sí ìparí iṣẹ́, kí wọ́n máa ṣa èyí tí kò dára dà nù. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì tí ó ti jinná. Bí ó ti wù kí ojú ẹni mú tó, eyín yóò ṣì kan òkúta, owó igi àti omi tí a fi sè é kò sì ní padà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1924, onímọ̀ físíìsì kan tí ó ń bá Western Electric ṣiṣẹ́, Walter Shewhart, kọ ìwé kékeré kan sí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ya àwòrán kan sínú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìwé náà, títí kan ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde ní 1931, ó fi yé wa pé kò sí nǹkan méjì tí ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ṣe tí ó dọ́gba pátápátá. Àmọ́ irú ìyàtọ̀ méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ ti inú ètò fúnra rẹ̀, mo lè pè é ní ìyàtọ̀ àbínibí. Èkejì ni ìyàtọ̀ àjèjì, èyí tí ó ní ohun kan pàtó tí ó fà á: irinṣẹ́ kan ti kú, ohun èlò kan ti yí padà, tàbí a ti fi ẹni tí a kò kọ́ sídìí ẹ̀rọ. Àwòrán onílà tí ó yà ni a fi ń dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ lè rí ìyàtọ̀ àjèjì, kí ó sì tún un ṣe. Ti àbínibí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ni ètò nìkan ni ó lè yí i padà.

Ẹ̀kọ́ ojú ogun

Ogun ni ó mú kí apá kejì, èyí tí í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti ń jà ní Yúróòpù, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Training Within Industry, èyí ni, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárín ilé iṣẹ́. Channing Dooley ni olórí rẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ kò tó. Nígbà tí ó sì yá, àwọn ọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí sì bọ́ sí ipò wọn. Ẹ wo ti àwọn tí ń lọ dígí fún awò àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ti gbà pé ọdún márùn-ún ni ènìyàn fi ń kọ́ iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n tú iṣẹ́ náà palẹ̀, tí wọ́n ya ibi tí ó le sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí kò le, ó di ẹ̀kọ́ oṣù díẹ̀.

Ìpele mẹ́rin ni ọ̀nà ìkọ́ni wọn ní. Àkọ́kọ́, kí olùkọ́ fi ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ balẹ̀, kí ó wádìí ohun tí ó ti mọ̀. Èkejì, kí ó ṣe iṣẹ́ náà lójú rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ó sọ ibi tí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe é, kí ó máa fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi í sílẹ̀ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa padà wá wò ó. Òfin kan ni ó sì borí gbogbo rẹ̀: bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá mọ iṣẹ́, olùkọ́ ni a ó kọ́kọ́ bi léèrè. Nígbà tí ètò náà fi parí ní 1945, ó ti dé ilé iṣẹ́ tí ó lé ní 16,000, àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì lé ní 1,600,000. Lẹ́yìn ogun, ọjà Amẹ́ríkà ń tà wàràwàrà láìsí abánidíje, ètò náà sì di ohun ìgbàgbé nílé ara rẹ̀.

Ohun tí Japan gbé

Ohun tí Amẹ́ríkà gbàgbé ni Japan gbé. Lẹ́yìn ogun, àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ti wó, orúkọ ọjà wọn lókè òkun kò sì dára. Ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ wọ ibẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì ń ṣàkóso ìlú náà. Ní 1950, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà Japan pe W. Edwards Deming, onímọ̀ ìṣirò tí ó ti bá Shewhart rìn pẹ́, láti wá kọ́ àwọn ẹnjiníà wọn. Ó kọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́jọ ní Tókíyò. Ṣùgbọ́n ó tún bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun bá àwọn olórí ilé iṣẹ́ fúnra wọn sọ̀rọ̀. Ó ti rí i ní Amẹ́ríkà pé nígbà tí a kọ́ àwọn ẹnjiníà tí a kò kọ́ àwọn ọ̀gá, iná ẹ̀kọ́ náà kú. Ní 1951, wọ́n dá ẹ̀bùn kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ní 1954, Joseph Juran náà wá, àwọn ọ̀gá ni ó sì dojú ẹ̀kọ́ tirẹ̀ kọ. Ní 1962, Kaoru Ishikawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àwọn agbo òṣìṣẹ́: àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò kọ́ bí a ti ń ka àwòrán onílà, wọn yóò sì jọ wá ìdí ohun tí ó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí àṣà àwọn ará Japan ni ó ṣe é. N kò gbà. Ẹ̀kọ́ ni, ọdún méjìlá sì ni ó wà láàárín ìpàdé Tókíyò àti agbo àkọ́kọ́.

Deming ní eré kan tí ó máa ń ṣe níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Yóò da ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti pupa sínú àpótí kan, nínú márùn-ún ọ̀kan jẹ́ pupa. Yóò fún àwọn ènìyàn ní pátákó pẹlẹbẹ kan tí ó ní ihò 50 láti fi bù ú, yóò sì pàṣẹ pé funfun nìkan ni òun fẹ́. Ẹni tí pupa rẹ̀ kéré, yóò yìn ín. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀, yóò bá a wí, yóò tilẹ̀ dá a dúró. Àwọn tí ń wòran á máa rẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé kò sí ohun tí ọwọ́ abùlẹ̀kẹ̀ lè ṣe sí i. Ẹni tí ó po ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀ ni kí a bi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín á dá, tí olúkúlùkù á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ọ́fíìsì tirẹ̀.

Gáréèjì ìlú Madison

Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, pé iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Madison ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí Joseph Sensenbrenner ti di mẹ́yọ̀ ní 1983. Gáréèjì ìlú náà ni wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìjọba ìlú ṣe, ṣùgbọ́n ọkọ̀ máa ń pẹ́ níbẹ̀, àwọn tí ó ń lò wọ́n sì ń ráhùn. Ohun tí ó rọrùn ni kí a bá àwọn mẹkáníìkì wí. Mẹ́yọ̀ àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lọ bá wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè. Wọ́n gbọ́ pé ẹ̀yà ara ọkọ̀ kì í sí nílẹ̀, nítorí pé irú ọkọ̀ tí ìlú ní yàtọ̀ síra púpọ̀. Èé ṣe? Ìlú máa ń ra èyí tí owó rẹ̀ bá pọ́ọ́kú jùlọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ rà á. Ta ni ó pàṣẹ bẹ́ẹ̀? Ọ́fíìsì ìrajà ní ọ́fíìsì ìṣirò owó ni. Ọ́fíìsì ìṣirò owó ní agbẹjọ́rò ìlú ni kò gbà. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò, ó ní kò sí òfin tí ó ní kí wọ́n má ka owó ìtọ́jú mọ́ iye tí ọkọ̀ yóò ná wọn. Òun tilẹ̀ rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe! Nígbà tí wọ́n tún ètò náà ṣe, tí wọ́n sì ń tọ́jú ọkọ̀ kí ó tó bàjẹ́, ọkọ̀ tí í lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́sàn-án wá ń lo mẹ́ta. Àwọn mẹkáníìkì kan náà ni ó ṣì wà níbẹ̀.

Nílé wa ńkọ́?

Nàìjíríà kò sùn ní àkókò yìí. Ọdún 1971 ni ìjọba dá Industrial Training Fund sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ní ọdún náà kan náà ni òfin tí ó gbé àjọ òṣùwọ̀n ọjà kalẹ̀ jáde. Ní 1973, wọ́n dá ASCON sílẹ̀ ní Àgbádárìgì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ní 1974, ìgbìmọ̀ Údójì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti àtúntò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ wà lára ohun tí ó dámọ̀ràn, ṣùgbọ́n ohun tí ará ìlú rántí ni owó Údójì. Ọdún kejì ni ìjọba ológun tuntun lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a kò fún láyè láti wí tẹnu wọn.

N kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ tàbí olè láàárín wọn. Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tábìlì tí fáìlì ń kọjá lórí rẹ̀ kò dín kù. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa inú àpótí kò dín kù. Ohun tí ó dín kù ni ìgboyà. Òṣìṣẹ́ tí ó rí i tí a lé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìgbẹ́jọ́ kò ní sọ fún ọ̀gá ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Ní 2004, ìjọba dá SERVICOM sílẹ̀, kí ará ìlú lè rí ibi tí yóò fi ẹ̀sùn sùn bí wọn kò bá dá a lóhùn dáadáa. Ohun rere ni. Síbẹ̀, ìparí iṣẹ́ ni ẹ̀sùn ń dúró sí, bí olùyẹ̀wò Hawthorne. Bí a bá gba ẹ̀sùn tí a kò sì padà lọ wo orísun rẹ̀, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ìkádìí

Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ojúlówó kì í ṣe ohun tí a ń wá ní ìparí. Ohun tí a ń fi sínú iṣẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ni a sì fi ń fi í sí i. Ẹni tí ó kọ́kọ́ nílò ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀gá, nítorí òun ni ó ni ètò. Nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ní ọ́fíìsì wa, kí a tó kọ ìwé ìbáwí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó kọ́ ẹni yìí níṣẹ́? Kí ni a fún un láti fi ṣe é? Ta ni ó ti bi í rí pé kí ni ó rí?

Ìyá ìyá mi kò ka ìwé Shewhart. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí kí ó bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ jà nítorí aṣọ tí kò mu aró. Ìdí ìkòkò ni ó máa ń padà lọ.