Benjamin Kaplan: Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Wá Ààlà Ohun-Ìní Òǹkọ̀wé

Benjamin Kaplan (1911–2010) jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin àti adájọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 25 ló fi kọ́ni ní Yunifásítì Harvard, láti 1947 sí 1972. Ẹ̀ka méjì ló gba ọkàn rẹ̀ jù. Èkíní ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, tó ń sọ ẹni tó láṣẹ láti tẹ ìwé, orin tàbí eré jáde. Èkejì ni ìlànà ìgbẹ́jọ́, ìyẹn ọ̀nà tí ẹjọ́ ń gbà dé iwájú adájọ́ títí ìdájọ́ fi máa jáde. Ìbéèrè kan ló so méjèèjì pọ̀: ta ni ọ̀rọ̀ kàn, ibo sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ parí sí?

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀

New York ni wọ́n bí i sí. Ó gboyè nínú ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Columbia ní 1933, ó sì ṣe iṣẹ́ lọ́yà ní ìlú náà. Ó wọṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, ó wà lára àwọn tó bá Robert Jackson, olórí agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà níbẹ̀, múra ẹjọ́ tí wọ́n pe àwọn aṣáájú Násì ní Nuremberg.

Ìlànà ìgbẹ́jọ́

Ní 1958, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí bí wọ́n ṣe ń gbẹ́jọ́ ní Jámánì. Lọ́hùn-ún, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà ni iṣẹ́ yẹn já lé léjìká.

Láti 1960 sí 1966, òun ló ń kọ àbá fún ìgbìmọ̀ tó ń tún ìlànà ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣe. Ìlànà 23, tó dá lórí ẹjọ́ ọlọ́pọ̀ èèyàn, ni iṣẹ́ wọn tó lókìkí jù. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan yan ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún èèyàn jẹ ní dọ́là méjì-méjì. Ta ló máa torí dọ́là méjì gba lọ́yà? Ìlànà tuntun náà mú kó rọrùn kí ẹnì kan pẹjọ́ lórúkọ gbogbo wọn. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ bá wọn lọ ló máa yọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ ti wà nínú ẹjọ́ nìyẹn. Títí dòní, ọ̀nà yìí ni àwọn tí kò lówó lọ́wọ́ ń gbà kojú ilé-iṣẹ́ ńlá.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ

Ní 1966, ó sọ àwọn àsọyé kan ní Columbia, wọ́n sì di ìwé *An Unhurried View of Copyright* ní 1967. Ó padà sí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1710, tó fún ìwé tuntun ní ọdún 14, àti 14 mìíràn bí òǹkọ̀wé bá ṣì wà láàyè. Ó tún rán àwọn òǹkàwé létí pé láyé Shakespeare, òǹkọ̀wé máa ń mú ìtàn ẹlòmíràn, á tún un rọ, ojú kì í sì í tì í. Yorùbá kúkú ti mọ èyí: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ẹjọ́ kan wà tó fi hàn kedere bó ṣe ṣòro láti mọ ibi tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé parí sí. Anne Nichols kọ eré kan nípa ọmọ Júù àti ọmọ Irish tó fẹ́ra wọn, tí àwọn bàbá wọn ń bára wọn jà, tí ọmọ tí tọkọtaya náà bí sì parí ìjà. Ilé-iṣẹ́ Universal ṣe fíìmù tó fara jọ ọ́. Ní 1930, Adájọ́ Learned Hand dá Universal láre: ìjà ìdílé méjì àti ìfẹ́ ọmọ wọn jẹ́ èrò lásán, kò sì sẹ́ni tó lè fi èrò ṣe ohun-ìní. Kaplan kìlọ̀ pé bí a bá ń fẹ ààlà òǹkọ̀wé lójú jù, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí ibi tẹsẹ̀ sí. Nínú ìwé rẹ̀ náà ló ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà máa so kọ́ra, tí ìwé á máa gba orí wọn kọjá.

Ìjókòó adájọ́ àti ogún rẹ̀

Ní 1972, ó di adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ó fẹ̀yìn tì ní 1981 nígbà tó pé ẹni àádọ́rin ọdún, àmọ́ wọ́n tún pè é padà sí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ náà.

Ruth Bader Ginsburg àti Stephen Breyer, tí wọ́n di adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí Kaplan kọ́. Ní 1998, Ilé Aṣòfin fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí ẹ̀tọ́ àdàkọ, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́ wọn. Ní 2003, adájọ́ méje fọwọ́ sí òfin náà, méjì kọ̀ ọ́. Ginsburg ló kọ ìdájọ́ àwọn méje. Breyer kọ tirẹ̀ láti ta kò ó, ó ní àfikún náà ò ní mú kí ẹnikẹ́ni kọ ìwé tuntun. Kaplan ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Ojú rẹ̀ ló ṣe tí ìbéèrè tó fi ayé rẹ̀ béèrè fi pín akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè.