Igi Àjèjì, Iná àti Ọ̀dá Òjò ní Agbègbè Cape, Gúúsù Áfíríkà

Gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní etí òkun Mẹditaréníà, ìgbà òtútù ni òjò máa ń rọ̀ ní agbègbè Cape. Ìgbà tí ooru bá mú ni ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀. Igbó kúkúrú tí a mọ̀ sí fynbos ni ó gbilẹ̀ níbẹ̀. Irú ewéko agbègbè náà tó nǹkan bí 9,000. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sí níbòmíràn láyé.

Àwọn Òyìnbó ará Holland tí wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọdún 1652 gé ìwọ̀nba igi ńlá tí wọ́n bá. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì kó igi akéṣíà wá láti Ọsirélíà kí ó lè di iyanrìn mú. Igi náà tàn kálẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Ó ń fa omi ju fynbos lọ, iná rẹ̀ sì le jù. Iná fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá fynbos, nítorí lẹ́yìn iná ni ọ̀pọ̀ irúgbìn rẹ̀ ń hù. Ṣùgbọ́n iná tí ó bá ń jó léraléra kì í jẹ́ kí ewéko tuntun dàgbà so èso.

Ní ọdún 1995, ìjọba Gúúsù Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn aláìní láti gé igi àjèjì kúrò, kí omi lè pọ̀ sí i nínú odò. Igi náà kò tán. Nígbà tí òjò kò tó láti ọdún 2015 sí 2017, ọ̀wọ́n omi dé: ní oṣù Kejì ọdún 2018, lítà omi 50 péré ni a fọwọ́ sí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ní Cape Town. Àwọn onímọ̀ ṣírò rẹ̀ pé ìmóoru ayé ti mú kí irú ọ̀dá bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta.

Òwe Yorùbá ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ìtàn Cape fi hàn pé eérú a máa tọ àrọ́mọdọ́mọ pẹ̀lú.